Ẹ̀gbin Tí Maimunat Tú Síta

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní ìríra, ì bá ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Maimunat tú kọ̀ǹpútà ilé wa. Ojú mi ló ṣe, mi ò sì lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Maimunat. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ àtúnṣe ẹ̀rọ lọ́jà Àlàbá, láàárín àwọn ọkùnrin tó ń bi í pé ṣé kò rí irun dì ni. Nígbà tó gbòmìnira, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ládùúgbò wa ní Igbó-Elérin. Tó bá ń tú ẹ̀rọ, á máa to àwọn síkúrù rẹ̀ sínú ìdérí agolo mílíìkì. Kó tó dè é padà, á gbé ìdérí náà síwájú ẹni tó ni ẹ̀rọ, á ní, "Ẹ kà á, mà." Ó mọ̀ pé olè ni gbogbo ayé ń pe ẹni tó bá ń tún ẹ̀rọ ṣe. Orúkọ rere ló fi ń jẹun.

Òun ni mo pè nígbà tí kọ̀ǹpútà wa bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tó tún ń jí fúnra rẹ̀. Olúwọlé ọkọ mi, olùkọ́ yunifásítì, ará Èkìtì, ló ń fi í kọ̀wé. Kò ní tíì lò ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ojú ẹ̀rọ á fi ṣókùnkùn, tí á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Maimunat ki í bọ ihò iná mìíràn, ó pààrọ̀ wáyà, ó wá fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà.

"Ó ń gbóná jù, sà. Ẹ jẹ́ n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí n yọ fáànù ẹ̀ wò."

Ọkọ mi yarí. "Kó o lọ yọ orígínà ẹ̀, kó o fi jákujàku sí i? Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!"

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ tún kú, ojú ìwé márùn-ún sì bá a lọ. Ni ọkùnrin yìí bá lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ ọlọ́mọ, ó ń pariwo pé olè ni, pé ó ti yọ nǹkan. Ó tún lọ sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà ní òpópónà kan náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, èèyàn mẹ́ta, títí kan Ìyá Saheed tá a jọ wà nínú ìjọ, ti lọ kó ẹ̀rọ wọn kúrò lọ́wọ́ Maimunat. Ojú tì mí débi pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà lọ sọ́jà.

Nígbà tó sú mi, mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fúnra mi, mo ní kí ọkọ mi máa bọ̀ wá ṣọ́ olè rẹ̀.

Maimunat ò bá wa jà. Ó tú u lójú wa. Òórùn òróró tó ti bàjẹ́ ló kọ́kọ́ jáde. Eruku ti pò mọ́ òróró náà, ó di ẹrẹ̀ dúdú tó ń yọ̀ bí ilá àná, ó sì ti lẹ fáànù pa. Aáyán méjì sá jáde. Àwọn yòókù ti kú mọ́ inú rẹ̀, tẹyin-tìgbẹ́. Mo fi ìborùn bo imú.

"Ta ló da òróró síbí?" Maimunat béèrè.

Ọkọ mi ń wo òkè àjà. Kò sóhun tó ń wọlé wa tí kì í fi òróró àdúrà yà sí mímọ́. Àmọ́ ti kọ̀ǹpútà yìí, oṣooṣù ló ń dà á sí i, ojú ihò ẹ̀yìn gan-an sì ni.

"Ibi tó fi ń mí nìyẹn, sà. Tí ò bá rí èémí, á gbóná, á pa ara ẹ̀ kó má baà jóná."

Ó fi sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó tàn án. Láti aago mẹ́wàá títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì ní nǹkan bí aago mẹ́rin, kò kú lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi ní, "Ó dáa," ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń lọ. Ó dáa! Kò tiẹ̀ ní "má bínú."

"Mọ́mì," Maimunat bi mí, "ṣé Dádì máa sọ fún wọn pé mi ò jalè?"



Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọkọ mi gba maiki láti jẹ́rìí. Ó ní ọ̀tá gba ọwọ́ aláìgbàgbọ́ kan wọnú kọ̀ǹpútà òun, òróró mímọ́ ló lé e jáde. Gbogbo ìjọ ké "Alelúyà!" Ìríra ẹrẹ̀ aáyán yẹn ò tó ìdajì èyí tó mú mi lórí ìjókòó. Mo rìn lọ síwájú. Ó rò pé mo wá bá òun yọ̀ ni, ó sì na maiki sí mi.

"Ẹ̀yin ará," mo ní, "Maimunat ò jí nǹkan kan. Òróró tí ọkọ mi ń dà sínú ẹ̀rọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Ìyá Saheed, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín padà lọ bá ọmọ yẹn."

Kò sẹ́ni tó ké alelúyà. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ méjì ti padà sórí tábìlì Maimunat. Ọkọ mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Kó máa dákẹ́ lọ.