Àga Óòkì Ìyá Fadilah

Ní ṣọ́ọ̀bù Yínúsà káfíńtà ní Ìbàfò, àwọ̀ ni óòkì. Bí oníbàárà bá ní óòkì lòun fẹ́, Yínúsà á po ẹ̀tù yẹ́lò mọ́ búráùn díẹ̀, á fọ́n ọn sára igi yòówù tó bá wà nílẹ̀. Arère ni o, àfàrà ni o, gbogbo rẹ̀ á di óòkì kílẹ̀ tó ṣú. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìwó wá yá yàrá kan síhìn-ín, kò bi ara rẹ̀ léèrè rí bóyá igi kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbìkan.

Àfi ọjọ́ tí Alájì Láwàl gbé àga kan wá láti Mówè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán.

"Igi óòkì gan-an nìyẹn," Alájì wí. "Èmi àti ìyá Fadilah la jọ rà á nílùú òyìnbó. Òun ló ń jókòó sí i títí Ọlọ́hun fi pè é ní èṣí. Ẹsẹ̀ nìkan ni kó o bá mi ṣe. Má fá a, má kùn ún. Ṣó o rí ibí yìí?" Ó fọwọ́ kan apá àga náà, níbi tó ń dán bí ohun tí wọ́n fi òrí pa. "Ọwọ́ ẹ̀ ló dán an."

"Mo ti gbọ́, Alájì. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Yínúsà fi igi àyìn gbẹ́ ẹsẹ̀ mìíràn sí i. Iṣẹ́ parí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára igi náà. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi èékánná họ ìdí rẹ̀ wò. Kò jọ ìrókò, kò jọ igi apá. Bí wọ́n ti máa ń ṣe nídìí iṣẹ́ wọn láti rí ojú igi, ó fi àkísà tútù nu gbogbo àga náà. Ìlà inú igi jáde, ó ń kọ yanranyanran. Ẹnu ya Yínúsà. Bó ti ń wò ó ni wọ́n pe ìrun Alásárì. Ó gbé òòlù irin rẹ̀ lé apá àga tó ṣì tutù, ó gba mọ́ṣáláṣí lọ, ó sì ti ibẹ̀ lọ sílé.

Nígbà tó gbé òòlù kúrò láàárọ̀, àpá dúdú kan wà níbẹ̀, ó dúdú bí aró. Ojú ibi tó ń dán gan-an ni.

"Mo gbé!"

Ṣàràfá tó ń rán aṣọ àga ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Fá a, kó o fọ́n óòkì sí i. Ta ló máa mọ̀?"

"Ọwọ́ olóògbé ni màá fá dànù yẹn, Ṣàràfá."

Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀, tó gbé oúnjẹ wá, bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ó jọ ìdógùn-ún abẹ́rẹ́ tó máa ń yí híjáàbù mi. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń bọ́ ọ."

"Ìwọ náà ti di káfíńtà?"

"Ó sàn ju káfíńtà tó ń fi àga olóhun ṣe ibùsùn òòlù lọ."

Yínúsà fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí òwú, ó rọra ń fi tẹ ojú ibẹ̀. Dúdú náà di eérú, eérú di òjìji. Òjìji yẹn ni ò lọ.

Nígbà tí Alájì dé, Yínúsà dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Alájì jókòó sórí àga, ó dijú, ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá apá àga náà kiri díẹ̀díẹ̀.

"Ó ṣì ń dán," Alájì wí. "Dìde, jàre."

Yínúsà dìde, ó gbọn eruku nù, ṣùgbọ́n ìbéèrè ò jẹ́ kó dákẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Alájì, báwo ni igi náà ṣe rí lóòró?"

"Ó ga, ó gbórin bí ìrókò. Etí ewé ẹ̀ rí págunpàgun, bí ohun tí eku jẹ. Tí òtútù bá dé, á wọ́ gbogbo ewé sílẹ̀. Wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fi ń ṣe òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ń ṣe àgbá ọtí."

"Ọtí kẹ̀, Alájì?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ ló tún ń jẹ èso ẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá Fadilah gbọ́, ó ní ká dá àga padà fún ẹni tó tà á! Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbà láti jókòó sí i. Ó kọ́kọ́ fi omi àlùwàlá ẹ̀ wọ́n ọn."

Alájì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lórí apá àga.