Irin Tí Ẹnjiníà Rì Sẹ́yìn Ilé Mi

Ilé tí ọkọ mi kọ́ sí Iba kí ó tó kú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni iyì rẹ̀ wà. Ilẹ̀ gbọọrọ kan ni, ó rọra dà lọ síbi àbàtà. Mo gbin ẹ̀gẹ́ sí apá kan, mo fi apá kejì sílẹ̀ de àwọn ọmọ mi. Nígbà ayé àwọn sójà, ilẹ̀ tó bá ṣófo ní Iba títí dé Igbó-Elérin kì í pẹ́ kó tó ní onílẹ̀ méjì. Èèyàn á jí láàárọ̀, á bá òpó sìmẹ́ńtì kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lórí nínú ilẹ̀ rẹ̀. Bíkìn ni àwọn awọnlẹ̀ ń pè é. Kí onílẹ̀ tó béèrè ẹni tó rì í, yanrìn àti búlọ́ọ̀kù ti dé. Bí ilẹ̀ aládùúgbò mi ṣe lọ nìyẹn, ojú mi ló ṣe.

Ọmọkùnrin kan wá gba yàrá lọ́wọ́ mi. Ó ti jáde yunifásítì lẹ́ẹ̀kan, ó tún padà lọ. Mo bi í léèrè pé kí ló tún kù tí wọn ò kọ́ ọ. Ó ní bí irin ṣe ń dógùn-ún lòun ń kọ́.

Mo ní, "Ṣé ìyẹn náà dọ̀rọ̀ yunifásítì? Géètì ilé mi kò lọ síléèwé, ó sì ń dógùn-ún."

Ó rẹ́rìn-ín. "Páìpù epo rọ̀bì ni, Mà. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e gbà. Tí ilẹ̀ bá jẹ ẹ́ lu, epo á dà sóko olóko."

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́ tán. Ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí tí kò wáṣẹ́ lọ, ó ní nǹkan tó ń wá.

Kò pẹ́ ni ọmọ mi obìnrin bímọ ní Abẹ́òkúta, mo lọ wẹ ọmọ fún un. Kí n tó lọ, ọmọkùnrin yìí tọrọ àyè láti fi irin díẹ̀ sẹ́yìn ilé, mo ní kò burú. Èmi rò pé ìdí ògiri ni yóò kó wọn jọ sí. Ìgbà tí mo fi máa dé, òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Mo lọ sẹ́yìn ilé láti wo ẹ̀gẹ́ mi. Mo bá èèkàn igi tó tò ní ìlà, ó gún régé, ó gba ojú ilẹ̀ tó ṣófo náà já, koríko ti hù yí wọn ká.

Mi ò pariwo. Mo pè é, mo ní kí ó wá ṣàlàyé. Ó ní irin pẹlẹbẹ ni òun rì sí ìdí èèkàn kọ̀ọ̀kan, kí òun lè mọ bí ilẹ̀ olómi ṣe ń jẹ irin. Ó mú ọ̀kan tó ṣẹ́kù wá hàn mí. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lu nọ́ńbà sí i létí. Nọ́ńbà!

Ayálégbé mi kan tó ń ránṣọ, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ti yọ dé. "Màmá, mo sọ fún yín! Ó ti rì ẹbọ mọ́ wa nínú ilé!"

Mo ní, "Télọ̀, ìwọ ń wo ẹbọ, èmi ń wo bíkìn."

Mo sọ fún ọmọkùnrin náà pé kí ó hú gbogbo rẹ̀ lónìí, tàbí kí ó kẹ́rù. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ẹrẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀yìn òjò ló yẹ kí n hú wọn. Tí mo bá hú wọn báyìí, wọ́n á ní kí n tún gbogbo iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n hú ọ̀kan fún yín, kí ẹ fojú ara yín rí i. Tìpẹ̀kun ọ̀hún yẹn, mo fi ṣe àfikún ni."

Mo wò ó. Ẹni tó ń raṣu kì í gba èyí tí oníṣu bá fà lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Mi ò fẹ́ tìpẹ̀kun. Àárín yìí ni mo fẹ́."

"Háà, Màmá, ẹ dákun, kì í ṣe ìyẹn! Ìyẹn ni mo kùn lọ́dà, òun nìkan ni mo—"

Ẹ̀bẹ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mú ọkọ́. Mo gbẹ́ ẹ. Irin kékeré kan jáde, ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀, ibi tó ṣí sì ti dógùn-ún. Mi ò dúró. Mo ń gbẹ́ ẹ lọ, mo ń wá sìmẹ́ńtì, títí omi fi sun.

Télọ̀ ní, "Irin lásán? Ẹnjiníà, àwa ń wá ẹ̀bà, ẹ̀yin ń fún ilẹ̀ lónjẹ!"

Ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi irin náà sínú ọ̀rá.

Mo gbà kí àwọn tó kù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí ó fa gbogbo èèkàn tu, kí ó gbin kókò rọ́pò wọn. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà kọjá kò gbọdọ̀ rí ìlà nínú ilẹ̀ mi.

Lẹ́yìn òjò, ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì bá a wá láti hú wọn. Bàbá náà ka irin, ó rí i pé ti àárín ti kúrò níbẹ̀ ṣáájú.

"Ta ló hú èyí?"

"Màmá onílé ni, sà."

Bàbá náà yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ọkàn yín ti balẹ̀ báyìí?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n rí ìdí àwọn ihò tó kù ná, sà."

Mo mú ọkọ́ mi. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí, bí mo ṣe ń gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan kọjá ibi tí irin wà. Èyí tó gbẹ̀yìn náà, omi nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó wọlé lọ bu omi mímu wá fún àlejò.