Kẹ̀kẹ́ Òkè ní Ìlú Tí Kò Lókè

Kẹ̀kẹ́ tó wà nínú yàrá mi kì í ṣe tèmi. Tèmi wà níta lábẹ́ igi dóńgóyárò, níbi tí oòrùn àti òjò ti ń bá a fínra. Ti ọ̀rẹ́ mi ni èyí tó wà nínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń kírun. Ògbólógbòó ìró ìyá mi ni mo fi bò ó, kí eruku má bàa wọ inú ṣéènì rẹ̀. Láti ìgbà òjò kan títí wọ ìgbà ooru tó tẹ̀ lé e, mi ò jẹ́ kó ṣe aláìlépo rí.

Irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún orí òkè ni àwọn méjèèjì, táyà wọn fẹ̀, ó sì rí págunpàgun. Tòkunbọ̀ la rà wọ́n ní Yerwa, bí àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣe ń pe Maiduguri. Maiduguri kò sì ní òkè kankan. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ìyá mi, tí bàbá mi gbé níyàwó láti Ọ̀fà wá sí Yerwa, tó sì ń tajà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, a máa dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí a bá ń kọjá.

"Ẹ̀yin agunkè, òkè wo lẹ rí lónìí?"

Ọ̀rẹ́ mi á dá a lóhùn pé, "Màmá, òkè ń bọ̀. Àwa là ń dúró dè é."

"Kó yáa tètè máa bọ̀ o, kí orúnkún yín tó kọ̀yìn sí yín."

Ọmọ Ìbàdàn ni ọ̀rẹ́ mi. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, àmọ́ ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé. Ilé kéú ni wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, èdè Lárúbáwá ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Níbi asaláátù ọjọ́ Àìkú, tí àwa Mùsùlùmí Yorùbá máa ń ṣe ní Lamisula, ni a ti mọra. Èmi ni mo máa ń ṣe wáàsí níbẹ̀. Ó ń pè mí ní Alfa, mo ń pè é ní Dọ́kítà. Bí asaláátù bá ti parí, a ó gun kẹ̀kẹ́ wa, ó di Ngomari, títí dé ibi tí àwọn sójà ti ń dá ènìyàn padà.

Gúúsù Borno, lápá Biu, ni òkè wà. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣeé gbà nígbà náà nítorí àwọn oníbọn. Ní ọjọ́ kan tí a kírun Alásárì lórí iyanrìn ní Ngomari, a bọ ara wa lọ́wọ́, a sì ṣèlérí: bí ọ̀nà Biu bá là, àwa méjèèjì la jọ máa lọ, a ó gun òkè náà, a ó sì fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ dá lọ. Nǹkan kékeré ni lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí a wí yìí, kò sí ohun mìíràn tí mo ń fojú sọ́nà fún nínú ìlú tí a há mọ́.

Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lórí iyanrìn. Mo ní kó tú afẹ́fẹ́ táyà díẹ̀ sílẹ̀, kó tẹ orúnkún, kó sún ìdí sẹ́yìn, kó má fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ pọ̀.

"Ẹ má bá a jà, Dọ́kítà. Ẹ jẹ́ kó máa yọ̀."

Ó yọ̀ lóòótọ́, ó sì fi ẹnu gbálẹ̀. Ó tu iyanrìn dànù. "Alfa, ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ! Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyàwó mi?"

"Ẹ sọ fún un pé ẹ foríkanlẹ̀ fún Ọlọ́run ni."

Nígbà ọyẹ́, a ó fi láwàní wé ojú wa, eruku á bo gbogbo ìta débi pé ìró ṣéènì rẹ̀ nìkan ni mo fi ń mọ̀ pé ó wà níwájú. Nígbà ooru, bí a bá ti kí Àsùbáà tán la máa ń jáde, kí oòrùn tó le. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ dúdú á há mọ́ táyà títí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ á fi kọ̀ láti yí, a ó sì gbé e sórí. Àwọn ọmọdé á máa pariwo tẹ̀ lé wa pé kẹ̀kẹ́ ló gun àwa.

Ìgbà òjò náà ló gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sílé mi, ó sì fọwọ́ lu ìjókòó rẹ̀.

"Alfa, ara màmá mi ò yá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni màá lò ní Ìbàdàn. Ẹ bá mi tọ́jú èyí, kó má bàa dógùn-ún."

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ó lè di ọjọ́ kejì kó tó fèsì. Á ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára, ìyá òun ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀, kí n máa fi àdúà ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Gbogbo òwúrọ̀ lẹ́yìn ìrun ni mo ń dárúkọ ìyá rẹ̀ fún Ọlọ́run.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀nà Biu là. Ilé ẹ̀kọ́ wa ń kó àwọn ọmọ lọ síbi eré ìdíje níbẹ̀, awakọ̀ wa, ọmọ Kanuri kan tó fẹ́ràn àwàdà, sì sọ fún mi ní Hausa pé àyè kẹ̀kẹ́ méjì wà lẹ́yìn ọkọ̀ òun. Mo ní mò ń dúró de ọ̀rẹ́ mi.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Malam, matarka ce?" Ó ń bi mí bóyá ìyàwó mi ni.

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Kò pé oṣù kan, wọ́n tún dá àwọn ènìyàn lọ́nà ní ibẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀nà náà kò tíì tún là fún irú wa.

Ìgbà ooru la wà tí wọ́n gbé wáínà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, wá sí asaláátù, abọ́ ńlá mẹ́ta, pẹ̀lú ọbẹ̀ elégédé. Mo ti jẹ ẹyọ kan tán, èkejì wà lẹ́nu mi, nígbà tí akọ̀wé wa dìde. Ó ní sàráà ni, láti ọwọ́ Dọ́kítà, ọ̀rẹ́ wa tó wà ní yunifásítì. Ó ní láti ìgbà òjò ni Ọlọ́run ti mú un gúnlẹ̀ sílùú òyìnbó láyọ̀, pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ló ṣe ń kéde báyìí. Gbogbo ènìyàn ké Alihamudulilahi. Akọ̀wé kọjú sí mi.

"Alfa, ẹ bá wa ṣàdúà sí i. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù."

Mi ò rí wáínà náà gbé mì, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè tu ú síta láàárín àwọn ènìyàn. Mo fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo tẹ́wọ́. Mo tọrọ àlàáfíà, iṣẹ́ àti ẹ̀mí gígùn fún un. Wọ́n ń ṣe àmín lé e. Ẹnu mi ló ń ṣàdúà náà, àyà mi kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé fi fídíò kan hàn mí. Òkè ńlá kan ni, yìnyín bò ó funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wà lórí rẹ̀, pákó gígùn méjì wà lábẹ́ bàtà rẹ̀, ó ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀. Ó tẹ orúnkún, ó sún ìdí sẹ́yìn, ó dẹ ọwọ́. Kò bá a jà.

Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Alfa mi! Ẹ má bínú o. Ẹ mọ bí ayé ṣe rí."

"Dọ́kítà, ta ni ayé?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin kẹ̀."

"Ara màmá yín ńkọ́?"

"Wọn ò ṣàìsàn, Alfa. Àwọn gan-an ló ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ wí i ní wáàsí, pé kí á fi ohun tí a ń lé pa mọ́ títí ọwọ́ á fi tẹ̀ ẹ́? Mo jókòó níwájú yín lọ́jọ́ náà."

Òótọ́ ni. Mo wí i, mo sì fi ẹ̀rí tì í. Ojú ìlara ni mo ń kì wọ́n nílọ̀ nípa rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn pé bí ọ̀rẹ́ mi bá ń ka àwọn olójú náà, á ka èmi mọ́ wọn.

"Kẹ̀kẹ́ yẹn ńkọ́?" mo bi í.

"Ẹ máa gùn ún, Alfa. Mo ti fi ta yín lọ́rẹ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, n kò sì fi ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó dá ẹ̀mí mi sí nínú ìlú tí ọ̀pọ̀ ti kú. Ìyá mi ṣì wà, ó ṣì ń tajà. Ṣùgbọ́n bí mo bá kírun tán tí mo bojú wẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ náà ni mò ń rí, pẹ̀lú ìró ìyá mi lára rẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún yìí, mo ká ìró náà kúrò. Ìjókòó rẹ̀ ga jù fún mi. Láti ọjọ́ tó ti gbé e wá, mi ò fọwọ́ kan ìjókòó náà, kí ọ̀rẹ́ mi lè bá a bó ṣe fi í sílẹ̀. Mo mú sípánà, mo tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, mo sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi. Mo gùn ún gba Ngomari, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà.

Ọ̀kan nínú wọn dá mi mọ̀. Ó fi Hausa béèrè ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mi. Mo ní ó ti rin ìrìn àjò.

Ó ní, "Allah ya dawo da shi lafiya." Kí Ọlọ́run dá a padà láyọ̀.

Ó ń wò mí, ó ń dúró de ìdáhùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀nà Biu gbà lọ.

"Àmín," ni mo wí, mo sì yí kẹ̀kẹ́ padà sílé.