Iwájú Tí Wọ́n Sún Ilé Etí Adágún Sí

Ó ki ìka àárín bọ omi, ó fi kan ojú áyọ́ọ̀nù, ó sì yọ ọ́ kíá. Omi náà dún ṣíì, ó gbẹ. Bó ṣe máa ń dán an wò nìyẹn. Kò gbẹ́kẹ̀ lé iná pupa kékeré tó wà lára áyọ́ọ̀nù. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Alágbàfọ̀, àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an ò ju ọkọ rẹ̀ àti ilé ìwòsàn lọ. Ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tíṣà sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn.

Ibi ọrùn náà ló wà tí fóònù fi dún.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá." Ohùn tí kì í kánjú ni. "Alámòójútó ilé etí adágún ni. Mo ti ṣí fèrèsé, mo ti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà wo lẹ máa wọlé?"

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Wọlé síbo?"

"Sílé tẹ́ ẹ gbà fún ìsinmi. Ṣebí òní ni."

"Òní kọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo pè yín. Mo ṣàlàyé pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ọkọ mi, pé ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tá a gbà gan-an, pé kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ bá wa sún un síwájú."

"Mo rántí. Mo kí i pé kára ó yá. Mo sì sún un síwájú."

"Ẹ wá sún un sí òní?"

"Iwájú ni mo sún un sí."

"Iwájú wo?"

"Ìyá, iwájú mélòó ló wà? Ọ̀sẹ̀ yìí ló ṣíwájú ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ gbà tẹ́lẹ̀. Tí mo bá ṣíwájú yín dé ibì kan, ṣé ẹ̀yìn yín ni mo dé ni?"

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Kò rí ibi tó ti máa mú ọkùnrin náà. Ó gbìyànjú láti sọ pé iwájú tí òun ń wí ni èyí tó ṣì ń bọ̀, ọjọ́ iwájú, nígbà tí wọ́n bá ti tú báńdéèjì lójú ọkọ òun. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń là á lẹ́sẹẹsẹ ló túbọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó na ọwọ́ kan síwájú, síbi tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà. Ó na èkejì sẹ́yìn. Kò mọ èyí tí ọ̀la wà nínú méjèèjì.

"Ẹ bá mi sún un sẹ́yìn nígbà náà," ó wí.

"Ẹ̀yìn ti lọ, ìyá. Ẹ̀yìn làná." Ọkùnrin náà wúkọ́ díẹ̀. "Kí n má parọ́ fún yín. Nítorí àìsàn, ẹ̀ẹ̀kan la máa ń yí i padà fún èèyàn. A ti yí tiyín. Bẹ́ ẹ bá sì ti kúrò, wọ́n máa tú òrùlé ilé yìí. Ẹ wá lónìí, tàbí kẹ́ ẹ sọ fún mi kí n lọ ti fèrèsé mi."

Gbogbo ọdún tí ọkọ rẹ̀ fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, etí adágún yẹn ló ń gbà kọjá, kò dúró rí. Ẹrù ẹlẹ́rù ni. Á kàn yíjú wò ó látinú gíláàsì, á tún tẹ iná. Ojú kan ti kú báyìí, èkejì ń ṣe bàìbàì. Èkejì yìí ni wọ́n fẹ́ là, dókítà ò sì ṣèlérí nǹkan kan. Alágbàfọ̀ ti tò ó lọ́kàn ara rẹ̀: kí wọ́n kọ́kọ́ tún ojú ṣe, kí bàbá wá fi ojú tó mọ́ wo omi. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó lojú.

Ó sọ fún alámòójútó pé òun máa pè é padà, ó sì wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Dẹ́rẹ́bà, bí wọ́n ṣe ṣì ń pè é, jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọ bàtà. Báàgì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti fa síìpù rẹ̀ dópin. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó fo ìlà kan lábẹ́ àgbọ̀n.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ṣé kì í ṣòní ni?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ." Ó yíjú síbi tí ohùn rẹ̀ ti wá, ó ṣì í díẹ̀. "Lọ́jọ́ tó o pe ọkùnrin yẹn, ẹ̀yìn rẹ ni mo wà. O ní kó sún un síwájú. Mo ka ọ̀sẹ̀ kan dín nínú ọjọ́ tá a gbà tẹ́lẹ̀, òní ló bọ́ sí. Mo ní, obìnrin yìí mà mọ inú mi o. Ó fẹ́ kí n rí omi yẹn ná, kí wọ́n tó mú abẹ sún mọ́ mi."

Ọkọ rẹ̀ àti alámòójútó ló gbọ́ ọ bákan náà. Àbí òun nìkan ni kò mọ ohun tí òun sọ?

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan látọjọ́ yìí?"

"Kí n sọ ọ́, kó o wá yí ọkàn padà? Mo dákẹ́ jẹ́jẹ́ mi."

"Àyẹ̀wò tọ̀la ńkọ́?"

"Èyí tí wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú? Sọ pé kí wọ́n sún un síwájú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yẹn létí mi lónìí."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Ó padà sídìí tábìlì, ó pe ilé ìwòsàn.

"Kí ló ṣe bàbá?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó fẹ́ lọ wo omi ni. Adágún."

"Kó má jẹ́ kó ta sí i lójú o." Ó gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ṣí ìwé kan, tó sì pa á dé. "Ó dáa, màmá. A máa sún àyẹ̀wò ọ̀hún síwájú."

"Iwájú wo, nọ́ọ̀sì? Ẹ dákun, ẹ dárúkọ ọjọ́."

Nọ́ọ̀sì wá ń pariwo, bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. "Ẹ mú bàbá wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ò yẹ̀. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi," ó wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá a lójú. Ó pe alámòójútó padà, ó ní kó jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ó fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ.

Ó ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ nígbà tí tíṣà dé.

"Ìyá, ṣẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́? Ṣebí òní lẹ dá fún mi."

"Ọrùn ti ṣe tán."

"Ọrùn nìkan ni mo máa wọ̀ lọ síléèwé?"

"Mo ti sún ìyókù síwájú."

Tíṣà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ojú ìyá. "Ìgbà wo wá nìyẹn?"

Alágbàfọ̀ ti gbé báàgì. Dẹ́rẹ́bà gbọ́wọ́ lé èjìká rẹ̀, wọ́n sì kọrí síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò, obìnrin níwájú, ọkùnrin lẹ́yìn.