Mo Kúnlẹ̀, Mo Kọ̀

Mi ò lọ yunifásítì kankan o. Orí fóònù tójú ẹ̀ ti fọ́ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nínú yàrá wa ní Kétu. Síbẹ̀, èmi yìí ni mo la ọ̀nà tí àwọn olùṣèwádìí ń gbà wo dátà ọ́fíìsì ìjọba wa ní Ìkòsí. Wọ́n lè jókòó sílé wọn kí wọ́n wọlé, kí wọ́n ṣírò ohun tó wù wọ́n, àmọ́ wọn ò lè kó nǹkan kan jáde àfi tá a bá yẹ èsì ẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ilé onílé ló wà níbẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí, àìsàn tó ń ṣe wọ́n, ohun tí wọ́n ń jẹ. Àwọn aráàlú sọ ọ́ fún wa torí a ṣèlérí pé àṣírí wọn ò ní tú.

Nígbà tí wọ́n ní àwọn èèyàn láti ìpínlẹ̀ míì ń bọ̀ wá wo bá a ṣe ń ṣe é, ọ̀gá mi ní, "Tọ́jọ́ yẹn bá dáa, ìwọ lo máa lọ bá wọn ṣe tiwọn. Tó bá bà jẹ́, màá wá ẹni tó ní sátífíkéètì."

Ó dùn mí wọra. Inú mi sì tètè máa ń ru. Mo kàn gbé e mì ni.

Àwọn mẹ́rin ló wá. Mọ́mì kan tó dàgbà ju ọ̀gá mi lọ ló ṣáájú wọn. Wọ́n ní kí n má fòyìnbó yọ àwọn lẹ́nu. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ mọ àpótí gíláàsì oní-bọ́ọ̀nsì? Ẹ lè wò ó, ẹ lè ka iye tó wà níbẹ̀, ẹ lè mọ èyí tó tóbi jù. Àmọ́ ọwọ́ yín ò gbọdọ̀ wọbẹ̀."

"Tébi bá wá ń pa mí ńkọ́?"

"Ẹ máa béèrè, oní-bọ́ọ̀nsì á fi fọ́ọ̀kì mú un jáde fún yín."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ni ọ̀gá mi bá dìde pé òun fẹ́ fi hàn wọ́n. Pásíwọ̀ọ̀dù nìkan ò tó o, nọ́ńbà kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé sórí fóònù ẹ kó tó ṣí. Fóònù ọ̀gá wà nínú mọ́tò, dírẹ́bà sì ti wa mọ́tò lọ ra páàtì ọkọ̀ l'Ówódé Onírin. Ọ̀gá bá nawọ́ sí mi.

"Fún mi ní tìẹ jàre, kí n fi wọlé."

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Ọkùnrin yìí kan náà ló fọwọ́ sí òfin pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ lo tẹnì kejì! Ọ̀rọ̀ burúkú ti dé ètè mi. Ni mo rántí ohun tí ìyá mi máa ń sọ: tó o bá máa kọ̀ fún àgbà, jẹ́ kí orúnkún ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́.

Mo kúnlẹ̀ sórí táìsì, níwájú àlejò.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè fún yín."

"Èmi? Èmi ọ̀gá ẹ?"

"Ẹ̀yin gan-an, sà. Tẹ́ ẹ bá fi tèmi wọlé, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò pòṣé. "Ọmọ Èkó! Ọ̀yájú tó kúnlẹ̀."

Mo ti ń rí onísátífíkéètì lórí àga mi. Ọ̀gá mi bá jókòó. "Ẹ bá mi pe dírẹ́bà kó máa bọ̀." A mu mínírà títí fóònù fi dé, ó sì fi tiẹ̀ wọlé fúnra ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Mọ́mì wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní lọ́fíìsì tàwọn, pásíwọ̀ọ̀dù ọ̀gá kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn ń lò, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. "A mọ̀ pé kò dáa. Ta ló fẹ́ kọ̀ fún ta? Kọ̀ǹpútà yín dáa o, àmọ́ ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo máa mú lọ."

Ọ̀gá mi wò mí. "Ó ń bọ̀ wá kọ́ yín níbẹ̀."

Mo sì lọ. Mo bá wọn ṣe é, gbogbo wọn ní pásíwọ̀ọ̀dù tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, mo fẹ́ wọ yàrá kọ̀ǹpútà, obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Orúkọ yín ò sí nínú ìwé àwọn tó máa wọlé lónìí."

"Èmi? Èmi tí mo wá kọ́ yín?"

"Ẹ̀yin gan-an, mà."

Ẹ̀jẹ̀ mi hó dé ọrùn. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo ń retí kí wọ́n kọ orúkọ mi. Mò ń wo ògiri tí wọ́n lẹ pásíwọ̀ọ̀dù mọ́ tẹ́lẹ̀ látibẹ̀: sẹ́lótéèpù nìkan ló kù lára ẹ̀. Orí mi wú.