Àwòrán Tó Mọ́ Tí Mo Kó Sínú Kọ̀ǹpútà

Ìgbà kejì tí ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà yẹn ti Èkó wá sí Ìlá ni mo mọ òwò tí irú wọn ń ṣe: wọ́n á pa èyí tí wọ́n tà fún ọ lánàá kí wọ́n lè rí òmíràn tà fún ọ lónìí. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ tà fún ọ̀gá mi, ó sì búra pé a ò ní nílò nǹkan mìíràn mọ́ láyé. Ọdún ò tíì yí po tó fi tún dé, tòun ti táì tuntun àti páálí dísìkì.

"Ọ̀gá, ọjà ti kúrò níbẹ̀ yẹn," ló wí. "Àwòrán nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá nílùú òyìnbó mọ́. Èyí á máa tọ́jú ìtàn ẹ̀rọ yín látọjọ́ tí ẹ bá ti rò ó títí dọjọ́ tó máa di àlòkù."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ilé iṣẹ́ kékeré ni tiwa, lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá. A máa ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tí wọ́n fi ń fún epo. Èmi ni mo ń ya àwòrán wọn, èmi náà ni mo sì ń tọ́jú wọn. Bí wẹ́dà tó ń jó ẹ̀rọ bá yí irin kan padà, tàbí tí oníbàárà bá wá ráhùn, màá fi bírò pupa kọ ohun tó yí padà sí etí bébà, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Bàbá Làmídì, olórí àwọn wẹ́dà, kì í gé irin láìrí pupa mi. Ohun tí ọmọ Èkó yìí ń gbé kiri bí ìròyìn ayọ̀, bírò ni mo ti ń fi ṣe é kó tó mọ táì í so.

Ọ̀gá rà á, ó ní kí n kó gbogbo àwòrán wọlé. Mo fi ti ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ han oníkọ̀ǹpútà. Ó yínmú.

"Mà, ẹ mú èyí tó mọ́ wá. Gbogbo ìkọkúkọ yìí, kọ̀ǹpútà ò nílò ẹ̀."

Ìkọkúkọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Èyí tó mọ́ lọ́wọ́ mi ni àwòrán àkọ́kọ́, tí ẹnu ẹ̀rọ ṣì gbòòrò, ká tó jó irin mọ́ ọn kí ọwọ́ ẹni tó ń ki ẹ̀gẹ́ má baà dé ibi eyín ẹ̀rọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kó o wọlé. Mo ní ó dáa, Bàbá Làmídì máa rí i pé pupa ò sí níbẹ̀, ojú á sì ti aláìmọ̀kan yìí.

Nígbà tí àwòrán jáde látinú kọ̀ǹpútà, Bàbá Làmídì yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn.

"Pupa ńkọ́?"

"Kọ̀ǹpútà ti bá wa yanjú ìyẹn," ni ọ̀gá dáhùn.

Bàbá wò mí. Mo tẹjú mọ́ tábìlì mi bí ẹni tí ò gbọ́. Wọ́n gé irin.

Ìlú Iresi ni ẹ̀rọ náà lọ, sọ́dọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń ṣe gàrí. Kò lò ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rọ náà fi gé e ní ìka méjì. Ọ̀gá bú oníkọ̀ǹpútà bí ẹni máa kú. Èsì tí aláìnítìjú náà fi ránṣẹ́ ni pé ètò tuntun kan ń bọ̀ lọ́jà tó máa bójú tó irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Mo tẹ̀lé ọ̀gá lọ kí ìyá náà. Ẹ̀yìnkùlé la bá a, wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń fi òsì da àgbàdo fún adìẹ.

"Ọmọ mi, kí ló fà á gan-an?" ó bi mí. "Èyí tí mo lò tẹ́lẹ̀ ò rí báyìí."

"Kọ̀ǹpútà ni, mà. Òun ló gbé àwòrán àtijọ́ jáde."

Ó mi orí. "Ó dáa náà. Ọlọ́run á dárí jì í."

Ọ̀gá ṣe àmín. Èmi ò lè ṣe é.