Òkìtì Ọgbà tí Ambrose Garrod Tẹ́ Pẹrẹsẹ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n sin Hester Garrod. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, Ambrose ọkọ rẹ̀ ti padà sórí katakata. Thirkettle, ọ̀gá oko, ní kó lọ sinmi nílé. Ambrose ní kí lòun fẹ́ máa wò nílé.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà ò le. Pápá kan ni, tí yàrà olómi yí ká, níbi tí ilé olówó kan wà ní bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ilé ti pòórá. Yàrà ló kù, àti ihò adágún ẹja mẹ́ta, àti àwọn òkìtì gbọọrọ tí koríko bò, níbi tí ọgbà ìgbafẹ́ wọn wà. Thirkettle fẹ́ gbin ọkà bálì síbẹ̀. Ó ní kí Ambrose fi òkìtì dí yàrà, kí gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Katakata ò tíì kan òkìtì kankan nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan fo géètì, ó ń sáré bọ̀ nínú ẹrẹ̀. Philippa Strode ni, olùkọ́ yunifásítì tó ń ya àwòrán irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri agbègbè Suffolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró! Ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì péré kí n wọ̀n ọ́n."

"Ọ̀gá ni kẹ́ ẹ lọ bá."

"Mo ti bá wọn. Wọ́n ní ó di Sátidé, tẹ́ ẹ bá ti gbà."

Ambrose wò ó. Inú ò bí i, inú rẹ̀ ò sì dùn. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

Bó ṣe di ẹni tó ń bá a di ọ̀pá ìwọnlẹ̀ mú nìyẹn. "Ẹ sún sápá òsì díẹ̀ sà." Ó sún. Ká ní wọ́n ní kó dúró síbẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, á dúró.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jókòó lórí òkìtì tó ga jù, wọ́n ń mu tíì.

"Kí lẹ̀yin ará ibí ń pe ibí yìí?"

"A ò pè é ní nǹkan kan. Ìyàwó mi ló ń pè é ní Àga Hester. Ibí ló jókòó sí lọ́jọ́ tí mo ní kó fẹ́ mi. Ó ní àfi kí n kọ́kọ́ lọ fọ bàtà mi."

Philippa bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ sì fọ̀ ọ́?"

"Nínú yàrà. Ẹsẹ̀ bàtà kan rì sómi."

"Mo fẹ́ kí wọn o. Ṣé wọ́n wà nílé?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la sin ín."

Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ambrose bu tíì sí i fún un. Ó ń retí kí omi jáde lójú òun. Kò jáde.

Kí Philippa tó lọ, ó kọ "Àga Hester" sórí àwòrán rẹ̀, ó fi hàn án. Ambrose mi orí pé ó dáa.

Ní Sátidé, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ. Òkìtì kéékèèké ló kọ́kọ́ wó, ó fi èyí tó ga jù ṣe ìkẹyìn. Ó ń retí pé á dun òun. Amọ̀ ni, bíi ti ìyókù. Nígbà tó parí, ó wa katakata lọ sí àká, ó fọ̀ ọ́, ó rìn lọ sílé. Ó din ẹyin méjì, ó sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró.